Agolo Kan fún Òórùn Bisikíìtì

Tẹ́júọlá ni orúkọ rẹ̀. Tẹ́jú ni gbogbo ará ilé ń pè é.

Ilé wọn wà ní Agége, lẹ́yìn ojú irin rélùwéè.

Òní ni Sátidé. Tẹ́jú ti wẹ̀. Ó ti mu ògì, ó ti jẹ àkàrà. Ó ti lọ jókòó sí ẹnu géètì.

Ó ń dúró. Ó ń tẹ́tí.

Kò sí ariwo mọ́tò rárá. Epo ò sí nílùú. Àwọn mọ́tò tò gbọọrọ sí iwájú ilé epo bí ẹran tó sùn lọ. Wọn ò lè lọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í mu epo.

Ẹ gbọ́! Kí nìyẹn?

Kirin-kirin! Kirin-kirin! Kirin-kirin-kirin!

"Wọ́n ti dé!" Tẹ́jú fò sókè.

Kẹ̀kẹ́ pupa ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ dúdú ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan ń bọ̀, táyà rẹ̀ ń ké kẹẹ́-kẹẹ́-kẹẹ́ bí òròmọdìẹ.

Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń yí ìlú ká. Láti Agége dé Ọgbà. Láti Ọgbà dé Ìkẹjà. Láti Ìkẹjà padà sí Agége. Wọn kì í bá ara wọn sáré. Ẹnì kankan kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnì kankan. Wọ́n kàn jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ni, nítorí pé ó dùn.

Bọ̀dá Reuben ló máa ń wà lẹ́yìn pátápátá. Òun nìkan ni kò ní ẹnì kejì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Tẹ́jú mọ ààyè yẹn. Ààyè Bàbá rẹ̀ ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kankan kò fi gbà á.

Kirin-kirin! Wọ́n kọjá. Ààyè Bàbá náà kọjá.

Títì dákẹ́.

Bàbá Tẹ́jú ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Bàbá wáṣẹ́ títí. Ó rí ọ̀kan, ṣùgbọ́n Kàdúná ni iṣẹ́ náà wà.

Kàdúná jìnnà. Ó jìnnà ju Ọgbà lọ. Ó jìnnà ju Ìkẹjà lọ. Rélùwéè gan-an máa ń sùn lọ́nà kó tó débẹ̀.

Kí Bàbá tó lọ, ó máa ń gbé Tẹ́jú sórí irin àárín kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n á bá ẹgbẹ́ lọ. Tí wọ́n bá dé ẹ̀yìn ògiri ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, Bàbá á tẹ bíréèkì.

"Imú dà?" Bàbá á sọ bẹ́ẹ̀.

"Imú rèé!"

"Ó yá, fà á!"

Fíììì! Òórùn bisikíìtì á ta sánsán. Á wọnú imú, á wọnú ọ̀fun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dénú ikùn.

"Ti ta nìyẹn?"

"Tèmi ni!"

"Àgbà ọ̀kánjúwà! Ó yá, fa tèmi náà."

Fíììì!

Lọ́jọ́ tí Bàbá fẹ́ wọ rélùwéè, Tẹ́jú di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàámi, kí lẹ máa rántí jù tẹ́ ẹ bá débẹ̀?"

"Ìwọ àti màmá ẹ."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Bàbá rò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òórùn bisikíìtì wa. Mi ò rò pé irú ẹ̀ wà ní Kàdúná."

Fàkà-fíkì. Fàkà-fíkì. Fàkà-fíkì, fàkà-fíkì, fàkà-fíkì…

Rélùwéè lọ. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ Bàbá fara ti ògiri. Wọ́n fi aṣọ bò ó bí ẹni tó ń sùn.

Nísinsìnyí, Tẹ́jú dìde lẹ́nu géètì. Ó wọlé. Ó rí agolo mílíìkì kan nílẹ̀. Mílíìkì ti tán nínú rẹ̀.

Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó dé e. Pàkà!

Ó tún ṣí i. Ó tún dé e. Pàkà!

Tẹ́jú dúró. Ó ronú.

"Màámi, tí wọ́n bá dé agolo báyìí, ṣé afẹ́fẹ́ lè jáde?"

Màmá ń ránṣọ. Kẹrẹrẹrẹ, ni ẹ̀rọ ń ké. "Kò lè jáde. Kí lo fẹ́ fi agolo ṣe?"

"Mo fẹ́ bu òórùn bisikíìtì sínú ẹ̀. Ti Bàámi ni. Mo máa tọ́jú ẹ̀ títí wọ́n á fi dé."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Màmá wo Tẹ́jú. Ó wò ó pẹ́.

"Ibẹ̀ jìn fún ẹsẹ̀, Tẹ́jú mi. Kò sì sí mọ́tò."

"Ẹ jẹ́ kí n bá ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ lọ."

"Lórí kẹ̀kẹ́ ta?"

Tẹ́jú wo ibi ògiri, níbi tí kẹ̀kẹ́ Bàbá wà.

Nírọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ padà dé. Kirin-kirin! Tẹ́jú sáré pàdé Bọ̀dá Reuben. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà! Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́."

Bọ̀dá Reuben bú sẹ́rìn-ín. "Èwo la fẹ́ dáhùn nínú méjèèjì? Tẹ́jú, o mọ òfin wa. A kì í gba kọ́bọ̀. Ṣé o rí igi máńgòrò yẹn? Gun kẹ̀kẹ́, kó o yí i ká. Kí ẹsẹ̀ ẹ má kanlẹ̀. Tó o bá ti ṣe é, ó parí, o ti wọ ẹgbẹ́."

"Ẹ ṣé, sà!"

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Tẹ́jú ká aṣọ kúrò lára kẹ̀kẹ́ Bàbá.

Kẹ̀kẹ́ yìí ga o! Ó ga, ó wúwo, ó dúdú.

Tẹ́jú gun orí ìjókòó. Ó na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ò dé pẹ́dàlì.

Gbììì! Ó ṣubú.

Ó jókòó sórí irin àárín. Ẹsẹ̀ dé pẹ́dàlì. Ṣùgbọ́n orúnkún ń gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Gbììì! Ó tún ṣubú.

Ó wọ bàtà Bàbá, kí ẹsẹ̀ lè gùn sí i. Bàtà ọ̀tún bọ́. Bàtà òsì bọ́.

Gbììì!

"Háà-háà-háà!" Quadri ni, ọmọ onílé. Ó jókòó sórí fẹ́ǹsì, ó ń mu ọsàn. "Tẹ́jú, ilẹ̀ lò ń gùn àbí kẹ̀kẹ́?"

"Wo ẹnu ẹ! Ṣé ìwọ lè gùn ún ni?"

"Èmi ò sọ pé mo lè gùn ún. Mo kàn ń wòran ni."

Tẹ́jú jókòó sílẹ̀. Orúnkún ń ta á. Ó gbé agolo lé itan rẹ̀.

Agolo ṣófo. Ó ṣófo bí ẹ̀gbẹ́ Bọ̀dá Reuben.

"Kẹ̀kẹ́ yìí ga jù," ni Tẹ́jú ń sọ. Omijé kán sórí agolo. Tó!

Ìgbà náà ni ewúrẹ́ onílé dé.

Ìyá Quadri ti fi ọ̀pá gbọọrọ kan dábùú ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kí ewúrẹ́ má bàa wọlé jẹ iṣu.

Ewúrẹ́ wo òkè ọ̀pá. Ó ga jù.

Ewúrẹ́ wo abẹ́ ọ̀pá.

Ó tẹ orí ba. Ó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!"

"Ewúrẹ́ o! Iṣu mi o!" Ìyá Quadri ń pariwo.

Tẹ́jú dìde. Ó wo ọ̀pá. Ó wo irin àárín kẹ̀kẹ́.

"Òkè ò gbà mí," ó ní. "Abẹ́ ńkọ́?"

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún gba abẹ́ irin àárín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dé pẹ́dàlì ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì wà lórí pẹ́dàlì òsì. Ara rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kẹ̀. Kẹ̀. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ń lọ! Ó ń wọ́ díẹ̀, ó ń mì díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ!

Quadri bọ́ sílẹ̀ lórí fẹ́ǹsì. "Ye! Ó ń rìn bí akàn! Akàn! Akàn!"

"Akàn kì í ṣubú," Tẹ́jú dá a lóhùn. Ó sì ṣubú. Gbììì!

Quadri rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, ó nu ọwọ́ ọsàn sára ṣòkòtò. Ó di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú. "Ó yá, akàn. Tún gùn ún."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n tún gùn ún. Lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n tún gùn ún. Ìhà Tẹ́jú pọ́n níbi tí irin ti ń há a. Màmá rí i. Ó kó ègé aṣọ jọ, ó rán ìrọ̀rí kékeré kan. Ó fi di irin àárín kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

Sátidé dé.

Kirin-kirin! Kirin-kirin-kirin!

Gbogbo ẹgbẹ́ dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Tẹ́jú ti kẹ̀kẹ́ Bàbá jáde. Aago kẹ̀kẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orí rẹ̀ dọ́gba.

Ó ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin. Ó mí kanlẹ̀.

Kẹ̀. Kẹ̀. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

Ó dé ibi gbòǹgbò. Kẹ̀kẹ́ mì. Màmá fọwọ́ bo ẹnu.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Ó kọjá gbòǹgbò. Ó yí igi ká. Ó padà dé!

Ọ̀gbẹ́ni kan nínú ẹgbẹ́ họrí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ọmọ yìí gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí ó sá sábẹ́ ẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú Tẹ́jú wálẹ̀.

Bọ̀dá Reuben gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀?"

"Kò kanlẹ̀!" Quadri ló kọ́kọ́ pariwo.

"Mo ní, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀?"

"Kò kanlẹ̀!" gbogbo ẹgbẹ́ dáhùn.

"Ó parí. Tẹ́jú, o ti wọ ẹgbẹ́ nìyẹn."

Àǹtí Sùlíyá ni nọ́ọ̀sì tó ń gun kẹ̀kẹ́ pupa. Ó yíjú sí Màmá. "Ìyá Tẹ́jú, ẹ fọkàn balẹ̀. Jẹ́jẹ́ la ó máa rìn. Ẹni tó bá rọra rìn jù la máa ń bá rìn."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, etí títì ni kó máa gbà." Màmá so agolo mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó so ó dáadáa. Ó tún un so.

Níwájú, méjì-méjì. Lẹ́yìn pátápátá, Bọ̀dá Reuben. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Tẹ́jú.

Ààyè Bàbá ò ṣófo mọ́.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, ni pẹ́dàlì ń ké. Kò-kò-kò, ni agolo ń dún.

Wọ́n kọjá ilé búrẹ́dì. Òórùn kan ta sánsán.

"Bọ̀dá Reuben, ṣé ká ṣí agolo?"

"Rárá o, búrẹ́dì nìyẹn."

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Kò-kò-kò.

Wọ́n kọjá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Òórùn kan ta sánsán.

"Ṣé ká ṣí agolo?"

"Rárá o, ọṣẹ nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí imú Bàbá ẹ máa hó ni?"

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Kò-kò-kò.

Wọ́n dé oríta. Sójà kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ó na ọwọ́.

"Dúró!"

Ṣììì! Gbogbo kẹ̀kẹ́ dúró. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Kò síbì kankan, sà," Bọ̀dá Reuben fèsì. "À ń yí ìlú ká ni, a ó padà sílé."

"Ẹ ń yí ìlú ká, ẹ ò lọ síbì kankan?" Sójà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ dúró lórí Tẹ́jú. "Ìwọ tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn. Kí ló wà nínú agolo?"

Tẹ́jú di agolo mú. "Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀, sà. Òórùn bisikíìtì ni mo fẹ́ bù sí i. Bàámi ni mo fẹ́ fún. Wọ́n wà ní Kàdúná."

Sójà tẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí agolo, ó wo inú rẹ̀. Ó rọra dé e padà. Pàkà!

"Kàdúná," ó ní. "Ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀." Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. "Ẹ máa lọ. Ọmọ, dì í mú dáadáa o."

"Ẹ ṣé, sà!"

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Kò-kò-kò. Ògiri gíga nìyẹn! Ọ̀pá èéfín nìyẹn! Tẹ́jú tẹ bíréèkì.

"Imú rèé," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó fà á.

Fíììì…

Kò sí nǹkan kan.

Fíììì…

Eruku nìkan ni. Ọ̀pá èéfín ò rú èéfín. Ẹ̀rọ ò dún.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì yọjú. "Iná ò sí. Láti àárọ̀ ni iná ò ti sí. Kò sí epo tá a máa fi tan jẹnẹrétọ̀."

Tẹ́jú wo agolo.

"Ṣé a máa lọ báyìí?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an.

Bọ̀dá Reuben wo Àǹtí Sùlíyá. Àǹtí Sùlíyá wo ọ̀gbẹ́ni tó họrí. Ọ̀gbẹ́ni náà bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí kóríko.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ó ní. "Mo fẹ́ sinmi díẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ń dun èmi náà," Àǹtí Sùlíyá ní. Ó jókòó.

"Tèmi ló burú jù," Bọ̀dá Reuben ní. Ó jókòó.

Gbogbo ẹgbẹ́ jókòó. Wọ́n pín ẹ̀pà sísun. Wọ́n dúró.

Oòrùn ń rọlẹ̀. Òjìji ọ̀pá èéfín ń gùn. Wọ́n ṣì dúró.

Kíkì! Gílóòbù kan tàn lókè ògiri.

"Iná dé o!" Gbogbo àdúgbò hó yèè. "Iná dé!"

Rùùù… rùrùrù… rùrùrùrùrù! Ẹ̀rọ ti jí. Èéfín funfun yọ lókè ọ̀pá. Kò pẹ́ kò jìnnà…

Fíììì!

Ó dé! Òórùn bisikíìtì! Ó fo ògiri wá, ó gbóná, ó ń ta sánsán.

Tẹ́jú ò fa tirẹ̀ rárá. Ó ṣí agolo. Ó nà án sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò ga tó. Bọ̀dá Reuben gbé Tẹ́jú lé èjìká. Tẹ́jú tún nà án sókè, sókè, sókè.

Pàkà!

"Ó ti kún," ó ní.

Nígbà náà ló wá fa tirẹ̀. Fíììì.

Agolo wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Òjò rọ̀, ó dá. Ọyẹ́ dé. Ètè Quadri là. Agolo ṣì wà níbẹ̀.

Títí di ọjọ́ kan.

Fàkà-fíkì. Fàkà-fíkì. Fàkà… fíkì… Ṣìììì!

"Bàámi!"

Bàbá gbé e sókè. Ó fi í yípo. Ó ti rù díẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gún Tẹ́jú lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Tẹ́jú gbé agolo fún un. "Ẹ di ojú yín. Ẹ rọra ṣí i."

Bàbá di ojú. Ó ṣí i.

Fíììììììì.

Bàbá tún fà á.

"Ṣé ẹ gbóòórùn ẹ̀?" Tẹ́jú béèrè.

"Mo gbóòórùn bisikíìtì," Bàbá ní. "Mo gbóòórùn mílíìkì. Mo gbóòórùn títì." Ó la ojú. Ojú rẹ̀ tutù. "Ta ló gbé ẹ débẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó gbé mi. Kẹ̀kẹ́ yín ni mo gùn. Abẹ́ ni mo gbà."

Sátidé dé. Bàbá yá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Mẹ́ta ni wọ́n wà lẹ́yìn báyìí. Bọ̀dá Reuben lápá ọ̀tún, Bàbá lápá òsì, Tẹ́jú láàárín. Agolo òfìfo so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ Tẹ́jú. Kò-kò-kò.

Wọ́n dé ibi ògiri. Wọ́n tẹ bíréèkì.

"Imú dà?" Bàbá béèrè.

"Imú rèé!"

Fíììì!

"Ti ta nìyẹn?"

"Tiwa ni," Tẹ́jú ní.

Ó ṣí agolo. Ó nà án sókè. Lẹ́yìn ọdún tuntun, Bàbá á tún wọ rélùwéè padà sí Kàdúná. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní lọ lọ́wọ́ òfo.

Pàkà!